Ohun Tó Ń Sùn Lórí Bẹ́ẹ̀dì Wa

Láti yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ní ọ̀sán tí oòrùn ti ń rọlẹ̀.

Ọmọ mi Oníbéèrè,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé orí kò fọ́ ọ mọ́, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o rí ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, kó sì jẹ́ kí o kà á dé ìsàlẹ̀ kí inú tó bí ọ. Kí o rí ohun tí ò ń wá nínú àwọn ìgò rẹ. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n, kí iná má lọ lójijì, kí ọ̀gá rẹ máa rẹ́rìn-ín sí ọ láàárọ̀. Àmín. Àwa náà wà nílé, àlàáfíà la wà, èmi, àti ẹni tí a jọ ń gbé, àti àwọn kékeré rẹ inú ìgò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sí nínú ìgò mọ́ báyìí, n óò dé ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé n kò lóyún.

Mo ti sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mo dìde lọ mu omi kí n tó padà wá jókòó. Èmi tí irun orí mi ti ń funfun, èmi ni mo ń kọ̀wé sí ọmọ mi pé n kò lóyún, n kò bímọ, kò sí ọmọ tuntun kankan nínú ilé yìí. Àbúrò mi aránṣọ tó pè ọ́ lórí fóònù kò purọ́ mọ́ mi o, ó rí nǹkan lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ohun tó rò pé òun rí kọ́ ló rí. Ìwọ náà wá pè mí, o pariwo, o ní ṣé ojú kò tì mí ni, o ní èmi àti ọkùnrin yẹn, o ní kí n gbé àwọn kékeré rẹ fún awakọ̀ tí o máa rán wá lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ìwọ kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí láéláé. O sì pa fóònù. Èmi ṣì ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí o ti lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́yìn tí o lọ á ṣì wà nínú fóònù náà, pé nígbàkígbà tí o bá tún ṣí i yóò bọ́ sí ọ létí, mo wá ń dúró kí o dá mi lóhùn. Ẹni tó ń ta káàdì ìpè lẹ́bàá òpópónà ló sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ sínú fóònù tí wọ́n ti pa, ó ti ṣòfò nìyẹn. Ó dùn mí, torí àwọn ọ̀rọ̀ náà dára. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, o mọ̀, ibi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, fojú ìyá wò ó.

Kí n tó lọ jìnnà, bí mo bá kọ "wọ́n" láìsọ ẹni tó jẹ́, ọkọ mi ni. (Ojú tún tì mí.) N kò lè máa pè wọ́n ní "ó", a kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Bàbá Jẹ́jẹ́, ó sì máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, torí panẹbítà ni wọ́n, òòlù ni wọ́n fi ń jẹun, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ bá ti wó ni wọ́n máa ń nà láti àárọ̀ títí yóò fi tẹ́jú, gbà, gbà, gbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé òòlù sílẹ̀, o lè jókòó tì wọ́n títí kí o gbàgbé pé èèyàn wà níbẹ̀. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwa méjèèjì á kàn jókòó, ilẹ̀ á sì ṣú bá wa.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí o gbé ìgò náà wá. O rántí pé o wá kí mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún ọ. O gbé ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, tíì oníṣúgà tó ti kan ló wà nínú rẹ̀, awọ funfun kan sì léfòó sórí omi náà. O ní iṣẹ́ rẹ nìyẹn. O ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ló kún inú omi yẹn, ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n bá sì ti jẹun, wọ́n á máa yọ okùn tó tín-ín-rín ju irun lọ láti ara wọn, wọ́n á máa hun ún mọ́ra títí yóò fi di aṣọ. O ní ohun tó wà nínú òwú náà ni, sẹ́lúlóòsì lo pè é, o kọ ọ́ sára ìgò, ṣùgbọ́n tiwọn mọ́ ju ti òwú lọ, àwọn dókítà sì fẹ́ máa fi í bo ojú egbò ẹni tí iná jó, torí kì í lẹ̀ mọ́ egbò, kì í sì í ta èèyàn tí wọ́n bá ń ṣí i. Mo bi ọ́ pé àwọn kékeré náà tó mélòó. O ní wọ́n ju gbogbo èèyàn tó wà láyé lọ. O ní wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń hun kéré, bí wọ́n ṣe máa hun púpọ̀ sí i ni gbogbo yín ń wá kiri ní ilé ìwádìí yín. O fi ìgò kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi torí iná ọ̀dọ̀ yín kò ṣeé fọkàn tán, o ní bí ti ọ̀hún bá bàjẹ́, tìyá òun á wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé n kò lè sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí o wà ní kékeré, bí mo bá gbé mílíìkì gbígbóná sílẹ̀ kó tutù, tí awọ bò ó lójú, o máa ń bi mí pé ta ló fi aṣọ bò ó. Mo ní atẹ́gùn ni. O ní atẹ́gùn kò mọ aṣọ hun. O á jókòó ti ife náà, o á gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, o ní o fẹ́ rí ẹni tó ń ṣe é. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́ ní Oníbéèrè. Wàyí o, o ti wá rí wọn, tàbí ká sọ pé o ti rí irú wọn.

O kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú wọn. Kí wọ́n wà níbi tí kò tutù, tí oòrùn kò sì ní pa wọ́n. Kí n fi aṣọ funfun mímọ́ bo ẹnu ìgò kí atẹ́gùn lè wọlé kí eṣinṣin má wọlé. Kí n má jẹ́ kí wọ́n mì, torí tí omi wọn bá ń mì, wóro wóro ni wọ́n máa hun, wọn kò ní hun odindi aṣọ. Ibi tó dákẹ́ jù nínú ilé ni yàrá mi, mo gbé ìgò náà sórí tábìlì níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣègbéyàwó. O kò wá. N kò ní tún ibẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí àwọn èrò ti túká tán, tí èmi àti Bàbá Jẹ́jẹ́ wọ yàrá, mo bojú wo orí tábìlì, mo sì rántí pé àwọn tó ju gbogbo èèyàn ayé lọ ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi, báwo ni ìyàwó tuntun ṣe fẹ́ bọ́ bàtà lójú irú èrò bẹ́ẹ̀, ká má tíì wá sọ aṣọ? Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé ẹsẹ̀ ń dùn mí ni. Mo ní rárá. Mo fìka han ìgò náà, mo ṣàlàyé. Ẹlòmíì ì bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n jáde lọ mú ìṣó àti wáyà, wọ́n ta kọ́tìnì kan sáàárín tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá rọra sọ fún àwọn kékeré pé kí wọ́n má bínú, kì í ṣe pé a ń lé wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò ṣìnà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà ni mo fún àwọn kékeré rẹ lọ́tí, èyí tí o ti mọ̀. Gbogbo èèyàn ń jẹ, wọ́n ń mu, ẹ̀rín ń dún dé òpópónà, mo wá rò ó pé àwọn nìkan ló jókòó sí yàrá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò rántí wọn. Mo da ọtí líle tó kún ìdérí ìgò sínú omi wọn, mo ní ẹ bá mi yọ̀. Awọ tí wọ́n hun lẹ́yìn náà nípọn bí bẹ́líìtì. Nígbà tí mo sọ fún ọ, o fohùn kékeré bi mí pé báwo ló ṣe pọ̀ tó. O ní ẹ ti kà á nínú ìwé pé ọtí díẹ̀ máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ṣúgà wọn hun aṣọ dípò kí wọ́n fi ṣe nǹkan mìíràn, ẹ sì ti fẹ́ dán an wò, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù ó lè pa wọ́n, kí n jọ̀ọ́ má tún ṣe é láìbéèrè. Mo ní mo gbọ́. O wá rẹ́rìn-ín. O ní Màmá, ẹ ń fún wọn lọ́tí ìyàwó. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún ọ pé mo fẹ́ fẹ́ ọkọ, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ rí àfi lọ́jọ́ yẹn. Mò ń gbọ́ ọ nínú oorun.

Ní ti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, kí o má tún bínú mọ́. O rán an sí mi pé kí n máa sọ iye tó bá kà láràárọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fi í sí èèyàn lábíyá, mo sì ń fi sí abíyá mi láràárọ̀, torí nígbà tí mo lóyún rẹ, èmi ni wọ́n ń wọ̀n, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́ nínú lọ́hùn-ún. O pariwo pé ṣé mò ń sè wọ́n ni. Mo ní ara mi le, kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé àwa méjèèjì. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí àwọ̀, tí o fi kún un, ńkọ́? Bí mo ti tì í bọ omi wọn ló di pupa. Mo rò pé inú ń bí wọn ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ṣúgà àná kò tó. Bàbá Jẹ́jẹ́ wọlé bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúró tì mí. Lẹ́yìn náà lo wá sọ fún wa pé pupa gan-an lo fẹ́, pé kíkan omi náà ni kì í jẹ́ kí ohun búburú sún mọ́ wọn. A dúpẹ́.

Ọ̀sán ni mo fẹ́ràn jù láti jókòó tì wọ́n. Oòrùn á gba ara kọ́tìnì wọlé, gbogbo yàrá á rí bí inú tíì tí kò le. Mo máa ń gbé àga sún mọ́ ọn, mo á fọwọ́ lérán. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá wò ó lọ́tùn-ún, kò sí, bí o bá wò ó lósì, kò sí, àmọ́ tí o bá lọ tí o padà wá, aṣọ ti pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ, mo á rí ara mi ní ibì kan tó funfun láti òkè délẹ̀, okùn ń kọjá lọ kọjá bọ̀ láìsí ọwọ́ tó ń fà á, mo á gbọ́ ìró kékeré bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ lókèèrè, mo á rí ìwọ bí o ti rí nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí o gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. N kì í fẹ́ jí. Tí mo bá jí, mo á rí i pé Bàbá Jẹ́jẹ́ ti wọlé, wọ́n ti jókòó sórí àpótí lódìkejì, àwọn náà ń wò ó. A kì í sọ̀rọ̀. Mo máa ń rò ó pé bóyá bí tiwa náà ṣe ń rí nìyẹn, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ ń pọ̀ sí i.

Ìgbà náà ni ìròyìn burúkú dé láti ọ̀dọ̀ rẹ. O pè, ohùn rẹ kò dún bí ohùn rẹ. O ní iná lọ ní ilé ìwádìí yín, ẹ̀rọ tó ń mú kí yàrá gbóná díẹ̀ kú, ohun dúdú onírun hù sórí gbogbo ìgò yín, ẹ dà wọ́n nù pátá. O ní àwọn dókítà fẹ́ rí awọ kan tó fẹ̀, tó nípọn, odindi, kí oṣù yìí tó parí, bí ẹ kò bá rí i fún wọn wọ́n á ti iṣẹ́ náà pa. O ní ìgò ọ̀dọ̀ mi nìkan ló kù. O ní bí ojú ohun tí a da omi wọn sí bá ṣe fẹ̀ tó ni awọ náà máa fẹ̀ tó, kí n wá ohun tó gbòòrò tí kò jìn, tí kì í ṣe irin, torí omi kíkan á jẹ irin. O ní ìwọ fúnra rẹ lo máa wá gbé e. Mo ní mo gbọ́. Mo fò sókè, bí mo ti dàgbà tó yìí.

Ṣùgbọ́n awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń jáde, ní ìpele ìpele, tí kò so mọ́ra. O ní nǹkan kan ń mì wọ́n. Mo mọ ohun tó ń mì wọ́n. Ẹ̀yìn ògiri yàrá wa gan-an ni ibi iṣẹ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ wà. N kò lè sọ ọ́ fún ọ, torí o kò tíì bèèrè wọn lọ́wọ́ mi rí, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ariwo òòlù wọn lo máa kọ́kọ́ mọ̀. N kò sì lè sọ ọ́ fún àwọn náà, ta ló máa ń sọ fún ọkọ pé kó má ṣiṣẹ́ mọ́? Mo kàn bu omi sínú àwo, mo gbé e sórí tábìlì, mo jókòó tì í, mò ń wò ó bó ti ń gbọ̀n nígbàkígbà tí òòlù bá ró. Wọ́n wọlé wá mu omi, wọ́n rí mi, wọ́n wo àwo náà. Wọ́n jáde. Òòlù ró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n sáré padà wọlé wá wo omi náà kó tó dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n tún jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ wọn sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n tì í kọjá òpópónà lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ti bàjẹ́ sí, níbi tí kò sí òrùlé, tí oòrùn ń na èèyàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní Jẹ́jẹ́, ìyàwó ti lé òòlù jáde, ó ku ìwọ. Ẹni tó ń ta táyà ní kí wọ́n kúkú máa ru fóòmù wọn bọ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọkọ̀ wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ru gíláàsì kan wálé, gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré àtijọ́ tó tẹ̀ sínú bí àwo. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí o fi lè rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé ó fẹ̀ tó. Mo ní ó fẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí tábìlì tó lè gbà á. Wọ́n wo yàrá náà yíká. Ìwọ náà mọ yàrá mi, ohun kan ṣoṣo ló fẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. Àwa méjèèjì gbé fóòmù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó wa, wọ́n to pákó sí i, wọ́n tẹ́ iyanrìn lé pákó, wọ́n gbé gíláàsì náà lé e, wọ́n da omi díẹ̀ sí i láti mọ̀ bóyá ó dúró déédéé. Mo po tíì àti ṣúgà tuntun, mo jẹ́ kó tutù, mo dà á sí i, mo wá rọra da àwọn kékeré rẹ sínú rẹ̀. A ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, a tẹ́ aṣọ funfun lé orí nẹ́ẹ̀tì. Àwa gbé ẹní lọ sí yàrá iwájú. Ibẹ̀ náà la ṣì wà. Kò burú, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n díẹ̀, wọn kì í sọ.

Wò ó báyìí o, ọmọ mi, fojú ará àdúgbò wò ó. Ìyàwó tuntun kì í jáde lọ́sàn-án mọ́. Ọkọ kó òòlù jáde kí ilé lè dákẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń se aṣọ funfun kéékèèké, tí mò ń sá wọn sórí okùn. Mò ń ra ṣúgà lójoojúmọ́. Mò ń fi ìka lé ètè bí ẹnikẹ́ni bá pariwo lójú fèrèsé. Bó ṣe di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀. Mo kàn ń rí i pé àwọn obìnrin ń dìde fún mi jókòó ní ilé oníṣúgà, mo ní àwọn èèyàn yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o.

Àbúrò mi aránṣọ ló wá dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó yọjú sí yàrá, ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó rí nẹ́ẹ̀tì, ó rí aṣọ funfun, ó sì rí mi tí mò ń ṣẹ́wọ́ sí i pé kó rọra. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ní ọjọ́ orí yìí? Mo rò pé ìgbéyàwó ló ń wí, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ó ní ṣé ó ń jẹun. Mo ní ó ń jẹun dáadáa, ṣúgà nìkan. Ó káwọ́ lérí. Ó ní ṣé ọmọ yín tó wà ní ìlú ńlá mọ̀. Mo ní òun gan-an ló ni wọ́n, òun ló gbé wọn fún mi. Ó jókòó sílẹ̀ gbà. Ó bú sẹ́kún. Kí n tó lọ bu omi wá fún un, ó ti jáde, ó ti pè ọ́. Bí ó ṣe rí nìyẹn, láìfi lé láìyọ kúrò.

Ohun tó bí mi nínú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Bàbá Jẹ́jẹ́ ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn èèyàn ti ń kí wọn kú oríire ọmọ níbi iṣẹ́, wọ́n sì ń dáhùn pé ẹ ṣé. Mo sọkún lọ́jọ́ tí o pa fóònù yẹn. Mo sọ̀rọ̀ sí wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ohùn sókè nìyẹn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Mo ní ṣebí ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ, kí ló dé tí ẹ fi ń gbà á. Wọ́n ní àwọn kò bímọ rí láyé àwọn, mo mọ̀. Wọ́n ní lọ́dún yìí ni àwọn wá ní ọmọ. Wọ́n ní obìnrin ni, ó ti dàgbà, ó mọ̀wé, ó ń wá ohun tí wọ́n máa fi bo egbò ẹni tí iná jó, ó kàn jẹ́ pé ó wà ní ìlú ńlá, kò tíì ráyè wá kí àwọn ni. Wọ́n ní nígbà tí èèyàn bá wá kí àwọn kú oríire, kí ni kí àwọn sọ, ṣé kí àwọn ní irọ́ ni?

Bí o bá rí èsì, kọ ọ́ sí mi.

Awọ náà ti dé, Oníbéèrè. Mo ṣí aṣọ lórí rẹ̀ lónìí. Ó kún gíláàsì náà láti etí dé etí, kò já, kò sán, ó nípọn ju ti ọjọ́ ọtí lọ, ó funfun bí ojú ọ̀run nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ó ń tàn díẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án, torí o ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo kàn na ọwọ́ lé e lókè, mò ń rò ó pé ara ẹnìkan tí n kò mọ̀, tó ń joró níbì kan, ni yóò lọ sinmi lé.

Jọ̀ọ́, má rán awakọ̀. Mo mọ bí wọ́n ti ń sáré, kòtò kan ṣoṣo ti tó láti ya á. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò lórí omi, tó sì mọ èyí tí a máa fi sílẹ̀ bí irúgbìn, àfi ọwọ́ rẹ. Wá fúnra rẹ. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní bí ojú àwọn bá jẹ́ ìṣòro fún ọ, àwọn á lọ sùn síbi iṣẹ́ títí o fi máa lọ. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Wọ́n ní àwọn kàn ń sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn tó dára, wọ́n ti fi kọ́, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ń lọ.

Bí o bá ń bọ̀, bá wa mú ṣúgà wá, tàbí kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, torí àwọn kékeré rẹ ń jẹun ju àwa méjèèjì lọ, oníṣúgà sì ti ń bi mí pé ìbejì ni àbí. N kò tọrọ nǹkan mìíràn. Kí Ọlọ́run tẹ́ ọ̀nà fún ọ kó tẹ́jú bí omi inú gíláàsì yìí. Kó má jẹ́ kí ohunkóhun mì ọ́. Kí iṣẹ́ rẹ pọ̀ sí i níbi tí ojú kò rí, kí o lọ kí o bọ̀ kí o bá a pé ó ti di odindi. Ilé yìí, ilé rẹ ni.

Nígbà tí o bá dé, má kan ilẹ̀kùn. Rọra tì í, bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, máa bọ̀ wá sí yàrá iwájú. Bí o bá bá ọkùnrin kan lórí ẹní tí kò sọ̀rọ̀, jókòó tì í. Kò pọn dandan kí o sọ nǹkan kan.

Èmi tí mò ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì dè ọ́,
Ìyá rẹ.